Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tí A Háyà Ní Douala

Orúnkún Màmá ló bá wa yan ọkọ̀. Ká tó kúrò ní Ìbàdàn la ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá àwọn ọmọ ní jíìpù la máa háyà tí a bá dé Douala, torí oṣù kẹjọ ni a ń lọ, òjò ibẹ̀ lásìkò yẹn kì í sì í ṣe òjò ẹ̀rín. Ìyá àwọn ọmọ ní owó jíìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ kékeré, àti pé owó iléèwé ń dúró dè wá ní oṣù kẹsàn-án. Àríyànjiyàn náà ì bá gùn, àfi bí Màmá ṣe gbọ́ wa láti yàrá wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi tí ẹ ń tìtorí mi lọ, ṣé ẹ ti bi orúnkún mi?"

A ò tíì bi í. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Màmá nígbà yẹn, ní 2024, orúnkún ọ̀tún wọn kì í sì í ká dáadáa mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ wọ jíìpù, ẹnì kan á fà wọ́n láti òkè, ẹnì kan á tì wọ́n láti ẹ̀yìn, wọn kò sì fẹ́ràn ìtìjú yẹn rárá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, wọ́n á wá gbé ẹsẹ̀ wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ayaba. Bí a ṣe háyà Toyota Corolla nìyẹn.

A ń kọ èyí torí pé láti ìgbà tí a ti dé, oríṣiríṣi ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló ti bi wá bí ọkọ̀ háyà ṣe rí nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àti bóyá ọkọ̀ kékeré lè gbé àgbàlagbà káàkiri Douala lásìkò òjò. Ó lè gbé e. Àmọ́ ó níbi tí kò lè gbà, a ó sì sọ ìyẹn náà fún yín.

Ìdí tí a fi lọ ni pé Douala ni wọ́n bí Màmá sí, ní 1945, ní àdúgbò New Bell. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Ẹ ó bá wọn ní Gánà, ẹ ó bá wọn ní ilẹ̀ Niger, Kamẹrúùnù náà kò sì gbẹ́yìn. Láyé ìgbà tí òyìnbó Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀, New Bell ni àwọn àlejò tó wá ṣòwò tàbí tó wá wáṣẹ́ ní Douala máa ń dé sí: Haúsá, Ìgbò, Bamiléké tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú òkè, àti àwa Yorùbá. Agbègbè yẹn ni Nkololoun wà. Lónìí, ọjà ló gba gbogbo rẹ̀, ọjà bàtà, ọjà aṣọ tuntun àti òkìríkà. Òkìríkà tí a ń wí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Màmá nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 1956, wọn kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ìyá wọn kò bá wọn wálé. Ohun tí àwa mọ̀ kò ju pé ìyá náà kú sí Douala, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Tí a bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá á ní, "Ẹ jẹ́ kí n jẹun mi." Kí wọ́n tó pé ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ṣàdédé sọ lójọ́ kan pé àwọn fẹ́ rí Nkololoun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Akwa la ti gba ọkọ̀ náà. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì fáránkì sẹ́fà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa fún ojúmọ́ kan, a sì fi owó ìdúró sílẹ̀. Wọ́n bi wá bóyá a fẹ́ awakọ̀ wọn, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń háyà ọkọ̀ níbẹ̀. A ní rárá. Ẹ̀yin ẹbí, ká sọ òótọ́, ìgbéraga díẹ̀ wà nínú "rárá" yẹn. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ la Ọjọ́ọ̀ àti Mọ́kọ́lá kọjá fún ogún ọdún rò pé kò sí ìlú tó tún lè kọ́ òun ní nǹkan kan.

Ká tó gbé ọkọ̀, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi fóònù ya gbogbo ara rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú bùútù, àti nọ́ńbà tó ń ka iye kìlómítà. Akọ̀wé tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe ìyàwó ni. A bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ a kò pa fọ́tò kankan rẹ́. A tún yẹ bùútù wò bóyá jáàkì, táyà ìrọ́pò, àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bá dúró lójú ọ̀nà, àti ẹ̀rọ panápaná wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. A gba ìwé ọkọ̀, ìwé adójútòfò àti ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ sọ́wọ́, a sì wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa parí.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí nípa Corolla náà ni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bẹ òun. Ẹ fi jíà sí i, ó lọ. Sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka méjì lè yí i nígbà tí ẹ bá ń páàkì. Láti ìjókòó awakọ̀, ojú ń rí ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì parí sí, ohun ńlá sì nìyẹn nílùú tí ọ̀kadà kún bí esú. Bendskin ni wọ́n ń pe ọ̀kadà ní Douala. Wọ́n á gba ọ̀tún, wọ́n á gba òsì, wọ́n á sì tún fi ojú díńgí yín wo irùngbọ̀n ara wọn. Ní ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọwọ́ kò ṣì wá, torí ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa. Ẹni tó bá ti dàgbà á rántí pé Nàìjíríà náà ti ń gba òsì rí, kí a tó yí padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972.

Fèrè ló dà wá láàmú. Takisí aláwọ̀ ìyeyè ló kún Douala, èrò púpọ̀ ló sì ń wọ ọ̀kan pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ni pé ẹni tó ń lọ á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á pariwo ibi tó ń lọ àti iye tó máa san. Tí awakọ̀ bá gbà, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Tí kò bá gbà, á kọjá lọ láì wẹ̀yìn. Àwa tí a wá láti Ìbàdàn, ojoojúmọ́ là ń fọn fèrè: a ń fi kí ènìyàn, a ń fi kìlọ̀, a ń fi bínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, a fọn fèrè fún obìnrin kan tó fẹ́ sọdá, pé kó ṣe pẹ̀lẹ́. Obìnrin náà rọra ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lé itan ọmọ wa ọkùnrin, ó fẹ́ jókòó. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn náà ló bá wa fi pídgìn bẹ obìnrin náà. Pídgìn tí a kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ni, ó ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n sọ ọ́ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní kí a kọ́kọ́ gbé àwọn gba orí afárá odò Wouri kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí wọ́n parí afárá àkọ́kọ́ ní 1955. Bàbá wọn ti kú lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, ìyá wọn sì ti ṣèlérí pé àwọn máa mú wọn gun orí rẹ̀ lọ sí Bonabéri. Ìlérí yẹn kò ṣẹ. Lónìí, afárá kejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. A gba róńdàbáòtù Deido, níbi tí ère gíga kan dúró sí, nǹkan bíi mítà méjìlá. Joseph-Francis Sumégné ló fi irin àlòkù àti ohun tí a ti dà nù ṣe é ní 1996, wọ́n sì ń pè é ní La Nouvelle Liberté. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló tú ọkọ̀ rẹ̀ palẹ̀ sáàárín títì?"

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú wa ní Deido fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ibẹ̀ la ti mọyì ẹ́síì ọkọ̀ náà àti jíà tó ń yí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún bíi wákàtí kan rí á mọ ohun tí à ń wí. Ìjókòó ẹ̀yìn gba èèyàn mẹ́ta láìfún mọ́ra, ìyá àwọn ọmọ láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Iwájú ni Màmá jókòó sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn nà gbalaja. Nígbà tí a gun orí afárá, a rọra ń lọ, Màmá sì yí gíláàsì wálẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ síta sínú atẹ́gùn odò. Wọn kò sọ nǹkan kan. Títí a fi lọ tí a fi bọ̀, ọwọ́ wọn wà níta.

Ọjọ́ kẹta ni a fẹ́ lọ sí Nkololoun. Láti ìdájí ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Douala wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù ní Áfíríkà, omi tó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún kan ju mítà mẹ́ta lọ tí ẹ bá kó o jọ sójú kan. A retí kó dá, kò dá. Ní aago mẹ́wàá, ó fúyẹ́ díẹ̀, la bá gbéra. Wáípà ń ṣiṣẹ́, táyà di ọ̀nà mú, bíréèkì ń gbọ́ràn. Ọkàn wa balẹ̀ títí a fi dé ibì kan tí títì ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà New Bell. Omi ti gba gbogbo ibẹ̀. Àgbàrá aláwọ̀ kọfí ń gbé ike omi àti bàtà ẹsẹ̀ kan lọ.

Bàbá àwọn ọmọ ní a lè là á kọjá. Ó ní kí a fi jíà kìíní sí i, kí a má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, kí a rọra máa lọ. Ìyá àwọn ọmọ ní ta ló rí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ omi náà? Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, jíìpù kan kọjá lára wa, ó wọ inú omi náà, ìgbì tó tì síwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dé fèrèsé wa, jíìpù sì jáde lódì kejì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bàbá àwọn ọmọ ní, "Ẹ ò rí i?" Ó ti gbé ọwọ́ lé jíà.

Màmá ní, "Ọmọ mi, ta ló ń lé wa?"

A kò rí ẹni tó ń lé wa. Ó yí ọkọ̀ padà, a gòkè lọ sí ilé epo kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, a dúró sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí ó ń bani lẹ́rù nínú irú omi bẹ́ẹ̀, torí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá ilé ló ń ṣe bíi tiwa. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré ti ń fa afẹ́fẹ́ kò jìnnà sílẹ̀ tó ti jíìpù. Tí ó bá fa omi dípò afẹ́fẹ́, omi náà á wọ inú ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ sì ni omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Ọkọ̀ á kú sáàárín omi, ẹ ó sì fi owó ńlá tún un ṣe, bó bá ṣe é tún ṣe rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi tó ń ṣàn lè gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìn púpọ̀. Ìlànà tiwa láti ọjọ́ náà ni pé tí a kò bá rí ojú títì, tàbí tí omi bá ti tó ìlàjì táyà ọkọ̀ tó wà níwájú wa, a kò ní wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ háyà tún burú jù, torí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sọ pé adójútòfò kò ní san owó ẹ́ńjìnnì tí omi bà jẹ́. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà nínú tiwa, ní lẹ́tà wínníwínní. Orí ìdúró yẹn la ti kà á.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta la fi jókòó síbẹ̀. A pa ẹ́ńjìnnì. Gíláàsì kún fún ìkùukùu, a kò rí ìta mọ́. Ilé kékeré kan ni ọkọ̀ náà dà, àwa márààrún nínú rẹ̀, òjò ń lu òrùlé. Ọmọ wa ọkùnrin ń fi ìka ya ẹja sára gíláàsì nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Iwájú ni wọ́n kọjú sí, bí ẹni tó ń bá gíláàsì sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Irú òjò báyìí ló rọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ."

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1955, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Douala láàárín ìjọba Faransé àti àwọn tó ń jà fún òmìnira. New Bell wà lára ibi tó ti le jù. Màmá gbọ́ ìró ìbọn nínú yàrá tí wọ́n sùn sí, ìyá wọn sì fi bálì aṣọ dí ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àbúrò bàbá wọn wá láti Èkó láti kó àwọn ọmọ lọ sílé. Ìyá wọn ní kí wọ́n máa lọ ná. Àwìn ṣì wà níta tí wọ́n fẹ́ gbà, aṣọ ṣì wà nílẹ̀ tí àwọn náà gbà láwìn lọ́wọ́ òyìnbó. Wọ́n ní àwọn á wọ ọkọ̀ ojú omi tó tẹ̀ lé e.

Màmá ní, "Wọ́n sìn wá títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èbúté. Ni òjò bá ṣú. Aṣọ wà níta lórí ìsọ̀, kò sí ẹni tó máa bò ó. Ìyá mi wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, 'Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀.' Wọ́n sáré padà. N kò dá wọn lóhùn. Inú ń bí mi. Mo ní aṣọ ni wọ́n fẹ́ràn jù mí lọ."

Ọkọ̀ ojú omi gbéra. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìròyìn dé Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyá náà ti kú.

"Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti ń bínú sí wọn," ni Màmá wí. Wọ́n fi ìdí ọwọ́ nu ìkùukùu kúrò lára gíláàsì, wọ́n wo àgbàrá náà nísàlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ wo omi. Ta ló lè fi aṣọ àwìn sílẹ̀ nínú irú omi yìí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá àwọn ọmọ gbé orí lé sítíárìn. Ìtàn ìyá rẹ̀ ni, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta sì ni òun, kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ wa ọkùnrin ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé aṣọ náà tutù?"

Màmá ní, "N kò mọ̀. N kò rí ẹni bi."

Nígbà tí omi fà, a kò tẹ̀ síwájú. Màmá ní kí a padà sí ilé tí a dé sí, pé ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ojú ọjọ́ dára. Ibi tí omi wà lánàá ni a gbà kọjá. A rí kòtò kan níbẹ̀ tó lè gbé àgbà ewúrẹ́ mì. A wo ara wa, a kò sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ Nkololoun ni ọ̀nà ń fún. Bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, aṣọ wà lórí títì, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ń pariwo kí a yà. A ká díńgí méjèèjì mọ́ra. Ibẹ̀ ni kíkéré ọkọ̀ náà ti wúlò fún wa jù. Jíìpù kan tó wọ ibẹ̀ ṣáájú wa há, kò lè lọ, kò lè bọ̀, ó di wákàtí kan kí wọ́n tó fà á jáde. Àwa fi ìgbà méjì péré yí sítíárìn, a ti páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan. A fún ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáránkì pé kó bá wa ṣọ́ ọ.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n gbé èkejì, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n dìde.

Kò sí ilé tí wọ́n ń wá níbẹ̀ mọ́. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó lọ, àwọn náà sì mọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n rántí ti di ìsọ̀, ìsọ̀ tí wọ́n rántí sì ti di ilé alájà méjì. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún rìn díẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n dúró síwájú obìnrin kan tó ń ta aṣọ lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní, "Bí kò bá ṣe ibí, kò jìnnà síbí." Obìnrin náà fún wọn ní àpótí jókòó. Wọ́n fi pídgìn dúnàá dúrà bí ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, wọ́n ra ọ̀pá aṣọ méjì, wọ́n sì fi èdè Duala dúpẹ́ pé, "Na som." Ẹnu ya obìnrin náà. Ó pe ẹni kejì rẹ̀ kó wá gbọ́.

Kí a tó gbéra ni òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà fa ọ̀rá láti fi bo aṣọ rẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e. Màmá dìde lórí àpótí, láìsí ẹni tó fà wọ́n, wọ́n di etí ọ̀rá náà mú lódì kejì títí obìnrin náà fi so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí wa pé kí a máa lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, a wa ọkọ̀ lọ sí Edéa, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà sí Douala lójú ọ̀nà Yaoundé, kí àwọn ọmọ lè rí odò Sanaga àti afárá irin tí àwọn ará Jámánì ṣe sórí rẹ̀. A san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáránkì ní ibodè. Ọkọ̀ agbẹ́gi pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, igi tí wọ́n ń gbé tóbi ju ọkọ̀ tiwa lọ. Ẹ má ṣe yà wọ́n sílẹ̀ bí ẹ kò bá rí iwájú dáadáa. Corolla náà fara balẹ̀ lórí títì, kò gbọ̀n, ariwo táyà rẹ̀ kò sì pọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé Màmá, tí kì í sùn nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ń wà, sùn láti ẹnu odi Douala títí a fi dé Edéa, aṣọ ọ̀pá méjì náà wà lórí itan wọn.

Nígbà tí a dá ọkọ̀ padà, akọ̀wé náà yí i ká, ó sì nàka sí ibi tó há lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ní a máa san án. Ọmọ wa obìnrin ṣí fóònù rẹ̀. Ìhá náà wà nínú fọ́tò ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú aago àti ọjọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n dá gbogbo owó ìdúró wa padà. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ yín ní iṣẹ́ yìí, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ.

Ẹ gbọ́ ìṣirò wa. Kìlómítà méjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún la rìn ní ọjọ́ márùn-ún, lítà epo méjìdínlọ́gbọ̀n ló gbà, ní ẹgbẹ̀rin fáránkì ó lé ogójì fún lítà kan. Bùútù gba báàgì ńlá mẹ́ta àti àpò ẹ̀bùn. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé dání mọ́ ti ilé, ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ má sì gbàgbé pé fèrè ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nínú ìdílé, ẹ bi orúnkún wọn kí ẹ tó yan ọkọ̀.

Nígbà tí a délé, àwọn ará àdúgbò wá kí Màmá kú àbọ̀. Wọ́n ní, "Màmá, Douala ńkọ́?" A rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ afárá, tàbí ọjà, tàbí òjò. Màmá ní ọkọ̀ náà kò ga. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn ń wọ̀ ọ́, àwọn fúnra àwọn ni àwọn sì ń sọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ìyàwó bá àwọn wá télọ̀ tó mọ ìró rán dáadáa.